Àǹtí Ẹ̀gbin àti ilẹ̀kùn tí kì í ṣí

Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ àbísọ rẹ̀ mọ́. Láàárín àwa tí a fẹ́ràn géèmù kọ̀ǹpútà, Àǹtí Ẹ̀gbin la mọ̀ ọ́n sí. Kì í ṣe pé ó dọ̀tí o, ẹ má ṣì mí gbọ́! Kò sẹ́ni tó mọ́ tónítóní tó o nídìí iṣẹ́ yìí. Kó tó di pádì tí ẹlòmíì ti fi gbá géèmù mú, á fi òwú tó rin fún sípíríìtì nù ún, á gbé e súnmọ́ imú, á tún un nù. Ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí géèmù bá kó o nírìíra ló di orúkọ mọ́ ọn lára. Á ju pádì sílẹ̀, á yínmú bí ẹni tó jẹ kòkòrò mọ́ ìrẹsì, á ní: "Ẹ̀gbin! Ẹ̀gbin pọ́ńbélé!" Ó tán. Kí ẹni tó ṣe géèmù yẹn máa ká wáyà rẹ̀, kó máa lọ sílé.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé géèmù jáde. Òun kọ́ ló ń ṣe wọ́n. Àwọn tó ń ṣe wọ́n wà níbi tí wọ́n wà, ẹnì kan nínú yàrá, tọkọtaya kan nídìí tábìlì oúnjẹ, wọ́n ń yàwòrán, wọ́n ń kọ kóòdù, ojú wọn ti wọnú. Tí iṣẹ́ wọn bá ti fẹ́ jọ nǹkan, wọ́n á gbé e wá sọ́dọ̀ Àǹtí. Á bá wọn tún un ṣe, á bá wọn polówó ẹ̀, á bá wọn gbé e lọ sí àwọn ìsọ̀ géèmù ńláńlá orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kì í sì í ṣe géèmù tí gbogbo ayé ń gbá. Ìbọn ò sí níbẹ̀, bọ́ọ̀lù ò sí níbẹ̀. Èyí tí ilé iṣẹ́ ńlá ò ní wò lẹ́ẹ̀mejì ló máa ń wá kiri. Òun ló gbé géèmù kan jáde tí èèyàn ti máa ń mú bọ́tìnnì tó já, táá máa wá ṣẹ́ẹ̀tì tó ni ín. Òun ló gbé èyí tí ìwọ fúnra rẹ ti jẹ́ bẹ́ǹṣì ibùdókọ̀ jáde: bí èèyàn bá ṣe fìdí lé ọ ni wàá fi mọ irú ọjọ́ tí ojú ẹ̀ rí. Ẹ gbà mí o! Ta ló ń jókòó ronú irú nǹkan báyìí? Ẹ gbá a wò, ẹ ò ní lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì mọ́ láìkọ́kọ́ kí i.

Yàrá méjì ni ọ́fíìsì rẹ̀, lókè ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe. Òórùn gọ́ọ̀mù máa ń gba àárín pákó gòkè wá bá wọn, Àǹtí á sì ṣí fèrèsé tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá a ṣiṣẹ́, Bọ̀dá Wáyà, tó mọ gbogbo ohun tó bá ti ní iná nínú, tí ẹnu rẹ̀ ò sì dákẹ́ rí.

Ìgbà kan wà tí ọkùnrin kan wá láti ilé iṣẹ́ ńlá. Lọ́fínńdà rẹ̀ ti wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó gun àtẹ̀gùn tán. Ó fẹ́ ra géèmù bẹ́ǹṣì. Ó ní ohun kékeré kan ló kù tí àwọn máa fi kún un: àpótí tó ń dán, tí ọmọ kéékèèké á máa fowó òbí wọn ṣí, bóyá nǹkan á wà níbẹ̀, bóyá kò ní sí.

Àǹtí wo àpótí náà lójú kọ̀ǹpútà ọkùnrin yẹn, ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi gbé kinní yẹn kúrò lórí tábìlì mi. Orí ẹ̀ ni mo ti ń jẹun."

"Madam, ọjà la ń sọ."

"Ẹ̀gbin lẹ ń sọ."

Bọ̀dá Wáyà ló sin ín dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó padà, ó ní, "Àǹtí, ẹ ò bá tiẹ̀ jẹ́ kó kọ́kọ́ fi lọ́fínńdà yẹn ta wá lọ́rẹ. Gọ́ọ̀mù yìí ti fẹ́ pa mí."

Àǹtí ní ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́, gbogbo wa la sì ń fi í yangàn. Tí géèmù tuntun bá dé, á pa ohùn rẹ̀ pátápátá. Á fi ojú àti ọwọ́ gbá a láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nínú ìdákẹ́jẹ́. Ó ní orin máa ń parọ́. "Tí orin bá ń sunkún, ìwọ náà á bá a sunkún, o ò ní mọ̀ pé géèmù yẹn ò ní nǹkan kan nínú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ò lè tàn ọ́." Tó bá ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, tí gbogbo nǹkan ti fẹ́ parí, ìgbà yẹn ló máa tó ki íápíìsì bọ etí. Etí ló ń gbẹ̀yìn. Bọ̀dá Wáyà máa ń pè é ní Àǹtí Adití, àmọ́ ó ń fi ṣeré ni. Ọ̀nà ọlọ́gbọ́n ni gbogbo wa kà á sí.

Ibẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ gbà wọlé.

Jẹ́jẹ́ ni ìyá rẹ̀ ń pè é láti kékeré, nítorí kì í gbóhùn sókè. Ọ̀dọ́kùnrin tó rọra ń rìn ni, tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àga kó tó jókòó. Géèmù rẹ̀ ń jẹ́ *Yàrá Kejì*. Inú ilé kan lo wà. O ń se omi nínú kẹ́túlù, o ń ká tówẹ́ẹ̀lì, o ń ṣí fèrèsé, o ń nu tábìlì. Ilẹ̀kùn kan wà ní òpin ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà àwọ̀ ewé kùn ún, ẹnì kan sì wà lẹ́yìn ẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá. Ilẹ̀kùn yẹn kì í ṣí. Kò sí bọ́tìnnì tó ń ṣí i. O ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé yẹn nítorí ẹnì kan tí o ò ní rí láé.

Ọwọ́ ni Jẹ́jẹ́ fi ya gbogbo ẹ̀. Bí ooru ṣe ń gun dígí, bí òjìji igi fèrèsé ṣe ń rìn lórí sìmẹ́ǹtì! Àǹtí gbá a tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ látorí.

Bọ̀dá Wáyà ní, "Ẹ̀gbin ni àbí kí ni?"

"Pa ẹnu ẹ dé," ni Àǹtí wí. Omi ti lé sójú rẹ̀. "Ilẹ̀kùn tí kì í ṣí. Ọmọ yìí mọ ohun tó ń ṣe."

Ó fọwọ́ sí i lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ wá gbọ́ oríire! Ìsọ̀ géèmù tó tóbi jù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì rí àwòrán rẹ̀, wọ́n ní àwọn máa gbé *Yàrá Kejì* sójú ìwé àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tó bá jáde. Ojú ìwé àkọ́kọ́! Gbogbo ẹni tó bá ṣí ìsọ̀ yẹn láàárọ̀, òun ni wọn á kọ́kọ́ rí. Látìgbà tí Àǹtí ti dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ló ti ń wá irú àyè yẹn, wọn ò tiẹ̀ fèsì ìwé rẹ̀ rí. Tó bá bọ́ sí i, gbogbo àwọn géèmù kéékèèké yòókù ló máa tẹ̀ lé e rí ìmọ́lẹ̀. Tó bá sì já wọn kulẹ̀, ó di gbére nìyẹn.

Bọ̀dá Wáyà ló ṣe fídíò ìpolówó. Etí tiẹ̀ kì í gbẹ̀yìn, ó gbọ́ ohùn obìnrin tó ń kérora lẹ́yìn ògiri, ó sì pe Jẹ́jẹ́.

"Eléré wo lo lò? Ó mọ̀ ọ́n ṣe o!"

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹnì kan nílé wa ni."

Wọ́n gbé fídíò náà sáfẹ́fẹ́. Àwọn èèyàn ń kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ohùn yẹn fa ọkàn àwọn ya. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó kù dẹ̀dẹ̀ kí géèmù jáde, obìnrin kan sáré gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wọn pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, fóònù lọ́wọ́.

"Ẹ káàsán. Ta ni wọ́n ń pè ní Àǹtí Ẹ̀gbin níbí?"

Bọ̀dá Wáyà nawọ́. "Àwọn nìyẹn. Ẹ rọra o, ẹ má fọwọ́ kan pádì."

"Mi ò wá fún pádì. Ohùn màmá mi ni mo wá gbà."

Àbúrò Jẹ́jẹ́ ni. Ó wà nínú ọkọ̀, ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ẹnì kan tó jókòó níwájú rẹ̀ ń wo fídíò, ló bá gbọ́ ìyá rẹ̀ tó ń kérora láàárín àwọn èèyàn, tí ẹyẹ kan ń kọrin lẹ́yìn ohùn wọn. Ó rò pé orí òun ti dàrú ni.

Àǹtí ò tíì gbọ́ ohùn yẹn rí. Ẹ ò rí i báyìí? Ó ti fọwọ́ sí i, ó ti polówó ẹ̀, ó ti sunkún lé e lórí, etí rẹ̀ ò tíì kàn án! Ó mú íápíìsì, ó fi bọ etí, Bọ̀dá Wáyà sì gbé ohùn inú géèmù fúnra rẹ̀ sí i, gbogbo ẹ̀ látòkèdélẹ̀.

Omi ń hó. Aṣọ ń dún wọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ obìnrin kan tó ń mí bí ẹni tó ru ẹrù, tó ní, "Ṣé ẹnì kankan wà nílé?" Ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún, bí ẹyẹ tó ń kọrin, kékeré, tó dùn létí.

"Ṣé ẹ ti ń gbọ́ ẹyẹ yẹn?" ni nọ́ọ̀sì bi í. "Alááàmù tí mo tò sórí fóònù Màmá nìyẹn. Oògùn ìrora ni. Apá wọn ò gbé e mọ́, wọn ò lè dá a mú. Ẹni tó bá wà nílé ló yẹ kó wọlé tó bá ti dún. Ẹ máa gbọ́ ọ lọ, mà."

Ẹyẹ náà kọrin títí ó fi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ó tún dún. Obìnrin yẹn ń pè. Ẹnikẹ́ni ò wọlé. Nínú ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e, Àǹtí gbọ́ nǹkan mìíràn, nítòsí, nítòsí gan-an, bí ẹni pé ó wà léjìká rẹ̀: ẹnì kan tó wà nídìí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn gbé itọ́ mì.

Kò pariwo ẹ̀gbin. Ó yọ íápíìsì, ó fi sípíríìtì nù ún, ó tún un nù, ó wò ó, ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà ló lọ fọ etí rẹ̀ méjèèjì níbi ẹ̀rọ omi. Ọṣẹ ló fi fọ̀ ọ́ o. Ọ̀rọ̀ ọṣẹ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi di bí mo ṣe ń kọ èyí.

"Pe ọmọ yẹn wá," ló wí.

Jẹ́jẹ́ dé, ó rí àbúrò rẹ̀, ó rọra jókòó.

"Àǹtí, mo fún wọn lóògùn yẹn."

"Nígbà wo?"

"Lẹ́yìn náà."

"Lẹ́yìn kí ni?"

Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. "Lẹ́yìn tí mo gba ohùn yẹn tán. Àǹtí, mo ti lo eléré rí. Irọ́ ló ń dún bí. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé irọ́ ló ń kó yín nírìíra jù."

"Kí lo sọ?" Nọ́ọ̀sì ti dìde. "Bọ̀dá mi, kí lo sọ?"

"Ó ṣe díẹ̀ ni. Kò pẹ́. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀. Ta ni nǹkan tí wọn ò mọ̀ máa dùn? Inú wọn á tiẹ̀ dùn pé ohùn wọn dé ojú ìwé àkọ́kọ́."

Bó ṣe ń sọ ọ́ yẹn gan-an ló burú, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣàlàyé ọ̀nà fún àlejò. Àǹtí gbé báàgì rẹ̀.

"Ó dáa. Jẹ́ ká lọ bi wọ́n."

Bọ̀dá Wáyà bá a dé ẹnu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Àǹtí, àwọn onísọ̀ géèmù yẹn ń retí ọ̀rọ̀ wa kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí n ní kí wọ́n ṣe é, àbí kí n ní kí wọ́n má ṣe é?"

"Ní kí wọ́n dúró."

"Irú àwọn yẹn kì í dúró, Àǹtí."

"Mo gbọ́."

Ilé náà ò jìnnà. Gẹ́rẹ́ tí Àǹtí wọ ọ̀ọ̀dẹ̀, ó dá ẹsẹ̀ dúró. Ó mọ gbogbo ẹ̀! Sìmẹ́ǹtì yẹn nìyẹn, fèrèsé yẹn nìyẹn, tówẹ́ẹ̀lì tí òun fúnra rẹ̀ ti ká tí ó tún ká nìyẹn. Kẹ́túlù wà lórí sítóòfù. Ní òpin ọ̀ọ̀dẹ̀ ni ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé wà, ó sì dúró níwájú ẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ ń wá bọ́tìnnì lófo. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ tì í. Ó ṣí. Kò tiẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́.

"Ta nìyẹn?" ni ohùn inú géèmù wí láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ wọlé, ẹ má bẹ̀rù. Mi ò lè dìde lé yín."

"Ẹ káàsán o, Màmá. Àwa tí à ń bá ọmọ yín gbé géèmù jáde ni."

"Ẹ̀yin lẹ ń jẹ́ kó máa jókòó sójú kan bí adìyẹ tó sàba lé ẹyin! Jókòó, ọmọ mi. Kó ẹ̀wù yẹn sílẹ̀ lórí àga."

Àǹtí jókòó. Kò mọ ibi tó máa gbà wọ̀ ọ́, nítorí náà ó sọ ọ́ bó ṣe rí: ohùn Màmá wà nínú géèmù Jẹ́jẹ́, ó fẹ́ kí Màmá gbọ́ ọ, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ bóyá ó lè jáde. Nọ́ọ̀sì gbé fóònù sétí ìyá rẹ̀. Jẹ́jẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

Màmá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Èmi nìyí? Yéè! Mo ti di ọ̀pọ̀lọ́." Ó ń gbọ́ ọ lọ. Nígbà tí ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ẹ̀rín rẹ̀ kúrú. Ó gbọ́ ara rẹ̀ tó ń pè, tó ń béèrè bóyá ẹnì kankan wà nílé. Ó ṣẹ́jú, ó ní kí wọ́n dá a padà díẹ̀.

"Ta ló gbé itọ́ mì yẹn?"

Nọ́ọ̀sì gbójú sókè wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Mo ní ta ló gbé itọ́ mì?" Ó yí orí rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. "Jẹ́jẹ́. O wà nílé lọ́jọ́ yẹn?"

"Màmá..."

"Mo rò pé kò sẹ́ni nílé ni." Kò gbóhùn sókè. "Ọkàn mi sọ pé ọmọ yìí ti jáde, ó máa tó dé. Ìdí tí mi ò fi bínú nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì gba fóònù kúrò létí rẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Màmá ń wo Àǹtí.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń gbá géèmù ọ̀hún?"

"Wọ́n ń se omi, Màmá. Wọ́n ń ká tówẹ́ẹ̀lì."

"Èmi ńkọ́? Níbo ni wọ́n ń gbà wọlé wá bá mi?"

"Wọn kì í wọlé, mà. Ilẹ̀kùn yẹn kì í ṣí."

"Kì í ṣí?" Màmá wo ilẹ̀kùn, tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. "Tí ẹ̀yin sì jókòó tẹ̀ ẹ́ báyìí, tó ń dùn mọ́ yín?"

Àǹtí Ẹ̀gbin dìde, ó gbé báàgì rẹ̀. Ó ti sunkún nítorí ilẹ̀kùn yẹn.

Ní ọ̀ọ̀dẹ̀, Jẹ́jẹ́ dì í lápá aṣọ mú. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Mo máa wá eléré lọ́la. Màá yọ ohùn yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ojú ìwé àkọ́kọ́ lọ, ẹ ò mọ bí mo ṣe ṣiṣẹ́ tó."

"Ilẹ̀kùn yẹn ò ní kọ́kọ́rọ́, Jẹ́jẹ́. Mo fọwọ́ kan tì í ni." Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lápá aṣọ òun, ìka kan tẹ̀ lé òmíì, bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀ẹ́mọ́ lára. Ìta ló ti pe Bọ̀dá Wáyà. "Ní kí wọ́n gbé e kúrò. Fídíò náà, yọ ọ́. Gbogbo ẹ̀."

Àwọn onísọ̀ náà ò bá wọn jà. Ìlà kan péré ni wọ́n kọ, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní àwọn ò ní da Àǹtí láàmú mọ́. Ìyẹn ni pé ó parí. Wọ́n gbé géèmù ìbọn kan síbẹ̀.

Ẹ sì jẹ́ kí n sọ èyí tó kó mi nírìíra jù. Ìtàn náà tàn ká, ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn kan ń kọ! Wọ́n ní Àǹtí ti pa iṣẹ́ ńlá. Wọ́n ní ìmọ́tótó rẹ̀ ti pọ̀ jù, pé iṣẹ́ ọnà gidi gbọ́dọ̀ dunni. Ta ló ń dùn? Ẹ̀yin tẹ jókòó sórí àga tìmùtìmù? Ọkùnrin onílọ́fínńdà yẹn padà wá, ayọ̀ ń yọ lójú rẹ̀. "Madam, mo gbọ́ pé ohùn gidi ni! Ohùn gidi! Ẹ tà á fún wa bó ṣe wà." Àǹtí ò sọ pé ẹ̀gbin. Ó kàn dìde, ó ṣí fèrèsé kejì, ó dúró tì í títí ọkùnrin náà fi bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìwé àdéhùn sọ pé ọwọ́ Àǹtí ni géèmù náà wà, ọwọ́ rẹ̀ ló sì máa wà.

Tẹ́ ẹ bá gbé géèmù lọ bá a báyìí, etí ló kọ́kọ́ ń lò. Kò ní wo àwòrán kankan. Á dijú, á gbọ́, á wá béèrè lọ́wọ́ yín: "Ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn? Ṣé ó mọ̀?"

Ó ń lọ kí Màmá. Ìka ọwọ́ ọ̀tún Màmá ṣì ń gbọ́ tirẹ̀, nítorí náà Bọ̀dá Wáyà tún pádì kan ṣe fún un tó jẹ́ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bí àwo. Géèmù ṣẹ́ẹ̀tì ni Màmá ń gbá, ohùn rẹ̀ lọ sókè dé òpin, ó sì ń bú àwọn ṣẹ́ẹ̀tì náà.

"Ta ló rán ọrùn eléyìí? Ẹ̀gbin!"

"Màmá, ọ̀rọ̀ mi nìyẹn o!"

"Lọ gba òmíì."

Ìgbà tí mo bá wọn níbẹ̀, ẹyẹ fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin láàárín eré. Àǹtí, nọ́ọ̀sì àti Bọ̀dá Wáyà dìde lẹ́ẹ̀kan náà, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ara wọn níbi oògùn. Màmá ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, a ń rí ọ̀ọ̀dẹ̀ dé ilé ìdáná. Jẹ́jẹ́ wà níbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa. Ó ń se omi.